Gìtá Olókùn Mẹ́rin Tí Mo Rà ní Ẹ̀fọ̀n

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nítorí gìtá kan. Ó ti ń yún mi lẹ́nu láti ọjọ́ mélòó kan, àmọ́ mo ní kí ọkàn mi kọ́kọ́ balẹ̀ ná. Ó ti wá balẹ̀ báyìí. Ẹ bá mi dúpẹ́.

Àwọn tó mọ̀ mí ní Arámọ̀kọ mọ̀ pé télọ̀ ni mí. Wọ́n sì mọ̀ pé èmi ni mò ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àwọn àlejò máa ń wò mí tìyanu-tìyanu, wọn á ní níbo ni ìyá àgbàlagbà ti kọ́ irú èyí. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ.

Erijìyàn ni bàbá mi ń gbé. Àgbẹ̀ kòkó ni, àmọ́ orin ni gbogbo ìlú fi mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá Kọ́yà ni wọ́n ń pè é. Ó ń kọ orin fúnra rẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn èèyàn ní orin náà títí yóò fi yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀, tí a bá ti jẹun tán, òun á máa kọrin, èmi á máa ta gìtá sí i. Bí a ṣe ń ṣeré nílé wa nìyẹn. Kódà lẹ́yìn tí mo ti relé ọkọ, tí mo bá ti lọ kí i, gìtá ní láti bá mi lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á bi mí bóyá inú ń bí mi ni.

Ní ọdún tó kọjá, mo gun ọ̀kadà láti orí òkè Ẹ̀fọ̀n, à ń sọ̀ kalẹ̀. Òjò ti rọ̀, títì ń yọ̀, ni a bá ṣubú. Ọlọ́kadà ò fara pa rárá. Èmi ni ìka méjì tó kẹ́yìn ní ọwọ́ òsì mi kán. Wọ́n tọ́jú wọn, wọ́n jinná, àmọ́ wọn kò nà dáadáa mọ́ títí dòní. Mo ṣì ń ránṣọ, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Gìtá ni mi ò lè ta mọ́.

Ẹni tí kò bá mọ gìtá lè máa rò ó pé kí ló dé. Ọwọ́ òsì la fi ń tẹ okùn mọ́ ọrùn gìtá. Ọrùn gìtá ńlá fẹ̀, okùn mẹ́fà ló sì wà lórí rẹ̀. Tí ìka méjì kò bá nà, báwo lo ṣe fẹ́ dé gbogbo rẹ̀? Mo gbìyànjú, mo gbìyànjú, ohun tó ń jáde dà bí ìgbà tí wọ́n ń gbo abọ́. Nígbà tó yá, mo gbé gìtá mi fún ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa, mo ní kó máa lò ó. Mo rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀ o. Ìgbà tí mo délé ni mo sunkún.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi.

Ẹ̀mí ò bọ́. Ọ̀pá ló fi ń rìn nínú ilé báyìí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ sísọ lọ pátápátá. Ó ń gbọ́ wa, ó mọ gbogbo wa, ó mọ ohun tó fẹ́ sọ, kò kàn lè sọ ọ́ ni. Ohùn kan ṣoṣo ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, tó bá sì ti jáde bẹ́ẹ̀, ojú á tì í, á dákẹ́. Nígbà tó yá, kò fẹ́ rí àlejò mọ́. Tí àwọn kọ́yà bá wá kí i, á kọjú sí ògiri. Bọ́lá, àbúrò mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, á máa tọrọ gàáfárà lọ́wọ́ wọn, á ní Bàbá ń sùn.

Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó ló gbà wá nímọ̀ràn. Ó ní àwọn mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ ti há mọ́ lẹ́nu, tó jẹ́ pé tí wọ́n bá gbọ́ orin tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n lè kọ ọ́. Ó ní òun kò ṣèlérí o, àmọ́ ká máa kọrin fún un lójoojúmọ́, ká máa fi ọ̀rọ̀ inú orin fa ẹnu rẹ̀.

Èmi àti Bọ́lá kọrin. A kọ orin àárọ̀, a kọ orin àjíǹde, a kọ ti Kérésìmesì nígbà tí kì í ṣe àsìkò Kérésìmesì. Bàbá kò la ẹnu. Àmọ́ mo ṣàkíyèsí ohun kan. Tí mo bá ti ń kọrin, kì í wo ojú mi, ọwọ́ mi ló máa ń wò. Ọwọ́ òsì. Á wò ó, á wá gbójú kúrò. Ṣé ó ń dùn ún ni àbí ó ń wá ohun tí kò rí? Èmi ò lè sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé orin tí kò ní gìtá nínú kì í ṣe orin ilé wa.

Ibi tí mo ti ń fi abẹ́rẹ́ ṣẹ́ etí aṣọ kan lọ́jọ́ kan, tí mò ń wo fóònù díẹ̀díẹ̀, ni mo ti rí fídíò obìnrin kan tó ń ta gìtá kékeré kan. Okùn mẹ́rin péré ló wà lórí rẹ̀! Ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Mo ju aṣọ sílẹ̀. Mo wo orúkọ rẹ̀: tẹ́nọ̀ gìtá. Ní kíá, mo mú rúlà onígi tí mo fi ń yàwòrán sí aṣọ, mo dì í mú bí ọrùn gìtá, mo fi àwọn ìka mi tó ń ṣiṣẹ́ lé e lórí. Wọ́n dé eteetí kejì láìsí wàhálà.

Bàbá Tómi, ọkọ mi, bá mi níbi tí mo ti ń tẹ rúlà, ó bèèrè bóyá ara mi dá. Mo ṣàlàyé fún un. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo rúlà, ó ní ká wá a rà.

Kò mọ̀ pé wàhálà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

A kọ́kọ́ pe ṣọ́ọ̀bù kan tó ń ta ohun èlò orin ní Adó. Mo bèèrè bóyá wọ́n ní tẹ́nọ̀ gìtá, ọkùnrin náà ní ó wà ńlẹ̀ rẹpẹtẹ. Inú mi dùn, mo wọ mọ́tò lọ. Nígbà tí mo débẹ̀, gìtá oníná olókùn mẹ́fà ló gbé lé mi lọ́wọ́. Mo ní èyí kọ́. Ó ní èyí ni. A ń fa ọ̀rọ̀ náà títí tí mo fi lóye rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ olórin tiwa, ẹnì kan ń ta gìtá àkọ́kọ́, ẹnì kejì ń ta tẹ́nọ̀ sí i. Gìtá kan náà ni o, iṣẹ́ tó ń ṣe nínú orin ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà purọ́. Orúkọ kan náà ni, nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo padà sílé lófo.

Lẹ́yìn náà, mo rí ẹnì kan lórí ayélujára tó ń tà á ní owó tí apá mi ká. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé tẹ́nọ̀ ni, okùn mẹ́rin. Mo wo àwòrán rẹ̀ títí, ó dára. Bàbá Tómi ní ká má sanwó títí a ó fi fojú rí i. Ẹni náà gbà, ó fi í rán awakọ̀ sí gáréèjì wa.

Mo ṣí páálí náà lójú awakọ̀. Háà! Nǹkan tó wà nínú rẹ̀ kò ju ohun tí èèyàn lè fi há abíyá lọ. Okùn ọ̀rá ló wà lórí rẹ̀, bí okùn ìpẹja. Àwọn èrò gáréèjì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n ta á kí àwọn gbọ́. Mo pe ẹni tó tà á, ó ní tẹ́nọ̀ ni lóòótọ́, pé mo lè lọ wádìí. Mo wádìí. Ukulélé ni nǹkan ọ̀hún ń jẹ́, ẹ̀yà tirẹ̀ kan sì wà tí wọ́n ń pè ní tẹ́nọ̀. Ṣé ẹ rí i? Òun náà kò parọ́. A dá a padà fún un.

Àwọn tuntun tó jẹ́ ojúlówó wà o, àmọ́ òkè òkun ni wọ́n ti ń bọ̀, owó wọn ju ohun tí télọ̀ lè dáwọ́ lé lọ. Mo jókòó ti máṣíìnì mi, ó rẹ̀ mí. Mo ń rò ó pé bóyá kí n fi sílẹ̀. Bọ́lá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí láàárọ̀ ọjọ́ náà pé Bàbá ti kọ oúnjẹ.

Oníbàárà mi kan láti Ẹ̀fọ̀n ló gbà mí sílẹ̀. Ó wá gbé aṣọ rẹ̀, ó bi mí pé kí ló dé tí ojú mi rí báyìí. Mo rojọ́ fún un. Ó ní ìyá kan wà ládùúgbò àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, pé ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé mú gìtá kan bọ̀ láti òkè òkun, òun sì rò pé okùn rẹ̀ kò pé mẹ́fà. Ó pe ìyá náà lójú mi. Mo ní kó bá mi bèèrè pé okùn mélòó. Ìyá náà lọ kà á. Mẹ́rin.

Inú mi dùn, àyà mi sì já. Ẹ̀fọ̀n nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti ṣubú, mi ò tíì padà sórí òkè yẹn. Mọ́tò gbé èmi àti Bàbá Tómi dé ìlú, àmọ́ ilé ìyá náà wà lókè pátápátá, ọ̀nà rẹ̀ dúró ṣánṣán, ọ̀kadà nìkan ló ń débẹ̀. Mo ní kí á fẹsẹ̀ rìn. Bàbá Tómi wo òkè náà, ó wo ikùn ara rẹ̀, ó pe ọ̀kadà méjì fún wa. Mo gun ọ̀kadà. Mo bẹ ọlọ́kadà náà kó máa lọ pẹ̀lẹ́, mo di ojú mi títí a fi dúró. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀, mo rí i pé aṣọ ọlọ́kadà ni mo dì mú, tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fà á ya.

Màmá Tíṣà ti ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ wọ ulé, ẹ kú ewu ọ̀nà." Ó fún wa lómi, ó ní ká jẹun, a ní a ti jẹun. Ó wá gbé gìtá náà jáde láti inú yàrá. Ó fi aṣọ òkè wé e.

Kó tó tú u, ó sọ fún wa pé àwa kọ́ la kọ́kọ́ wá bèèrè rẹ̀. Ó ní ọkùnrin kan tó ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì ti wá, pé òun fẹ́ gbé e kọ́ ògiri kó lè dùn ún wò. Ìyá náà lé e. Ó ní ọkọ òun ń ta á ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ títí tó fi kú, òun kò ní tà á fún ẹni tí kò ní jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Mo gbà á. Ó fúyẹ́. Mo gbé e sókè sí ojú mi, mo wo ọrùn rẹ̀ bí mo ṣe máa ń wo etí rúlà. Ó tọ́, kò tẹ̀ síbì kankan. Mo fi ìka ra àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn rẹ̀, wọn ò mú, wọn ò yọ síta. Okùn rẹ̀ ti dípẹtà, ìyẹn kì í ṣe nǹkan, okùn ṣeé pààrọ̀. Mo wá yí i sí ìmọ́lẹ̀, mo rí ìlà kan lára pákó iwájú, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti so okùn mọ́lẹ̀.

Ọkàn mi gbọgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Okùn gìtá ń fa pákó yẹn tọ̀sántòru. Tí pákó bá ti là níbẹ̀, kò sí bó ṣe dùn tó, ọjọ́ kan ló máa ṣí gbayawu. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ojú ìlà náà díẹ̀díẹ̀, kò mì. Mo fi ìka gbá a ní tòsí, mo gbá a ní ọ̀ọ́kán, ohùn kan náà ló ń dún. Mo ní kí Bàbá Tómi bá mi tan iná fóònù sínú ihò rẹ̀, mo wo abẹ́ pákó náà láti inú. Ó jọ̀lọ̀, kò sí ìlà kankan níbẹ̀. Ọ̀dà tí wọ́n fi kun ún lókè ló sán. Kì í ṣe igi.

Mo mí kanlẹ̀. Àṣé mi ò tíì mí láti ẹ̀ẹ̀kan.

Màmá Tíṣà ní kí n ta á. Ojú tì mí. Mo fi ọwọ́ mi hàn án, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i fún un, mo sì sọ ti bàbá mi. Kò sọ pé pẹ̀lẹ́. Ó kàn fa àga súnmọ́ mi, ó jókòó.

Mo yí àwọn okùn náà títí ohùn wọn fi bára mu. Mo tẹ èyí tó rọrùn jù nínú ohun tí mo mọ̀, mo ra ọwọ́ lé e. Ó dún. Okùn dípẹtà, ìka tó ká kò, síbẹ̀ ó dún kedere! Mo tẹ òmíràn. Mo tẹ ẹ̀kẹta. Nígbà tí mo gbójú sókè, Màmá Tíṣà ti fi etí aṣọ nu ojú.

Bàbá Tómi múra láti ná an, ẹ mọ àwọn ọkùnrin. Ìyá náà kò jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀. Iye tó pè é kò tó ohun tó wà lápò wa. Ó ní ohun kan péré lòun fẹ́. "Ọmọ mi, má jẹ́ kó dákẹ́."

Mo ra okùn tuntun ní Adó. Kò sí ti olókùn mẹ́rin, nítorí náà mo ra ti gìtá ńlá, mo yan mẹ́rin tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù nínú rẹ̀. Bí mo sì ṣe máa ń mú ohùn àwọn mẹ́rin yẹn lórí gìtá ńlá náà ni mo ṣe mú un lórí èyí. Ó jẹ́ kó rọrùn fún mi, torí pé ohun tí ọwọ́ mi ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, mi ò ní láti tún un kọ́. Ibi tí mo ti ń fa okùn tó kẹ́yìn le ni nǹkan ti dún "kẹ̀ẹ́" lára rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Mo yẹ̀ ẹ́ wò títí, àṣé irin tí a fi ń yí okùn ló gbẹ. Mo kán òróró máṣíìnì sí i, ó dákẹ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, mo gbéra, ó di Erijìyàn.

Bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo jókòó síwájú rẹ̀, mo gbé gìtá náà lé ẹsẹ̀. Ó wò ó. Ó wo ọwọ́ òsì mi. Lọ́tẹ̀ yìí, kò gbójú kúrò.

Orin ìkórè kan tí òun fúnra rẹ̀ kọ nígbà tí mo wà ní ilé ìwé ni mo mú. Mo ta á lẹ́ẹ̀kan láìkọ ọ́. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ẹsẹ kìíní kọjá, èmi nìkan ni. Ẹsẹ kejì, mo rí i pé ètè rẹ̀ ń mì. Mi ò wo ojú rẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá wò ó, á dákẹ́. Mo gbájú mọ́ okùn. A dé ègbè orin náà, mo gbọ́ ohùn kejì. Ó gbẹ, ó wálẹ̀, ó ń gbọ̀n. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀! Ó pe "oko", ó pe "òjò", ó pe "ọpẹ́".

Bọ́lá jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú ìpọnkọ lọ́wọ́, ó dúró síbẹ̀, kò lè lọ, kò lè bọ̀. Ayọ̀ gbà mí lọ́kàn débi pé ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mò ń lọ, mò ń lọ, orin náà ń yára. Ni Bàbá bá gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe níwájú kọ́yà. Mo dúró.

Ó wò mí, ó kó ẹnu jọ, ó ní, "Rọra."

Kì í ṣe orin o. Ó sọ ọ́ ni. Láti ìgbà tí àìsàn náà ti dé, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí bàbá mi sọ, ìbáwí ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mo ṣe méjèèjì pọ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà." Mo tún un bẹ̀rẹ̀, mo rọra.

Mi ò ní bù mọ́ ọn fún yín. Bàbá kò tíì máa sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ń kọ orin púpọ̀ ju bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, àwọn ọjọ́ kan sì wà tí kò ní sọ nǹkan kan. Àmọ́ ó ti ń pe orúkọ Bọ́lá. Ó ti ń jẹun. Àwọn kọ́yà wá kí i lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò kọjú sí ògiri. Nọ́ọ̀sì ní ká má dáwọ́ dúró.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Tí o bá fẹ́ ra irú gìtá yìí, má gba orúkọ gbọ́, ka okùn rẹ̀, kí o sì bèèrè bó ṣe tóbi tó. Gbé ọrùn rẹ̀ wò lójú ìmọ́lẹ̀. Tí o bá rí ìlà, má sá, má sì yára sanwó, kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ọ̀dà ni tàbí igi. Àlòkù tó lera lè sàn ju tuntun tí kò bá ọwọ́ rẹ mu. Èyí tó tóbi jù lọ nínú ẹ̀kọ́ náà ni pé kì í ṣe ẹ̀bùn mi ló ti kúrò lọ́wọ́ mi nígbà tí ìka mi kán. Gìtá yẹn ló ti fẹ̀ jù fún mi. Oṣù mélòó ni mo fi ṣọ̀fọ̀ ohun tí kò kú?

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ẹ ti ní láti fi nǹkan kan sílẹ̀ rí nítorí àìsàn tàbí ìjàǹbá, kí ẹ tó wá rí ọ̀nà mìíràn gbé e gbà? Ṣé ẹ ní ẹni tí orin ti fa ọ̀rọ̀ yọ lẹ́nu rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ fún mi, màá kà á fún Bàbá. Tí mi ò bá tètè dá yín lóhùn, ẹ má bínú. Erijìyàn ni mo wà, Ọ̀gá Kọ́yà ní orin náà kò tíì dára tó, pé kí n tún un ta.